Iṣẹ́ Ìtàdógún: Ìlànà Agile fún Àwọn Tó Ń Tọ́jú Àṣà

Ohun kan wà tó máa ń lé ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àṣà, tí kì í lé ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà: ọjọ́ orí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀. Àwọn tó lè ki oríkì ìdílé láì fo ìlà kan, àwọn tó rántí orin Ẹ̀fẹ̀ ìgbà èwe wọn, àwọn tó lè sọ ìdí tí igbó kan fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́, àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní Aguidi níbí, ní Sakété àti ní Pobè. Bí a bá ṣe ètò ọlọ́dún mẹ́ta, tí a kò sì fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni títí ìwé yóò fi jáde, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà jáde lẹ́yìn tí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti papò dà. Bí a bá ti ṣi ìlà kan kọ nínú oríkì, ta ni yóò tún un ṣe? Àwọn ọmọ wa yóò máa kì í ní àṣìkì lọ ni.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìlànà ìṣètò iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní agile. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ló sọ orúkọ náà di olókìkí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà nínú dandan. Ó dá lórí bí èèyàn mélòó kan ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ ní sáà kúkúrú kúkúrú, kí wọ́n máa fi ohun tí wọ́n bá ṣe han ẹni tó ni ín, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Èrò mi ni pé ìlànà yìí bá iṣẹ́ wa mu ju ètò ọlọ́jọ́ gígùn tí a mọ́ lára lọ, bí a bá lè tọ́jú ohun kan: pé àwọn tó ni ìmọ̀ ni kó kọ́kọ́ máa rí iṣẹ́ wa, kí ayé tó rí i.

Ọ̀nà àtijọ́ àti ibi tó ti ń dùn wá

Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé, ìṣètò tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni èyí tí wọ́n ń pè ní “en cascade”, nítorí ó dà bí omi tó ń ti orí àpáta bọ́ sílẹ̀. A ó kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe sínú ìwé kan, a ó ṣètò rẹ̀, a ó ṣe é, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó wá gbé e jáde. Ìpele kan gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Omi tó bá sì ti bọ́ sílẹ̀ kì í padà gòkè.

Ọ̀nà yìí dára fún iṣẹ́ tí a ti mọ gbogbo rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbọ́dọ̀ mọ iye yàrá kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ṣùgbọ́n Winston Royce, ọmọ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló kọ́kọ́ ya àwòrán ọ̀nà yìí fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní 1970, ti kìlọ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan náà pé ewu wà nínú rẹ̀: ìgbà tí iṣẹ́ bá ti fẹ́ parí ni àyẹ̀wò ń wáyé, àbùkù tí a bá sì rí nígbà náà lè dá wa padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní Bẹ̀nẹ̀, nínú àkọtọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní àwọn èdè ilẹ̀ wa, ɛ àti ɔ ni a ń lò níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Èwo ni ẹgbẹ́ kan yóò lò? Bí àwọn tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù kò bá fẹnu kò lórí èyí, tí wọ́n sì kọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ojú ìwé kí ẹnì kan tó kà á, iṣẹ́ àtúnkọ yóò gba oṣù púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, tí wọ́n sì jọ kà á, ọjọ́ kan ni ìjíròrò náà yóò gbà.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó dúró lókèèrè ló ń rí i. Ìṣòro ọ̀nà àtijọ́ ni pé a ti la ọ̀nà náà tán kí a tó pe ẹni tó lè wo ẹ̀yìn wa.

Ibi tí agile ti wá

Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2001, àwọn ọkùnrin mẹ́tàdínlógún tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà pàdé ní Snowbird, ibi ìgbafẹ́ kan ní orí òkè ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Ken Schwaber, Jeff Sutherland, Kent Beck àti Martin Fowler wà lára wọn. Oríṣiríṣi ìlànà ni olúkúlùkù wọn ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń dùn wọ́n: ìwé ètò ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Wọ́n fẹnu kò lórí ìkéde kúkúrú kan tó ní ohun mẹ́rin nínú, àti òfin méjìlá tó ń ṣàlàyé rẹ̀.

Ohun mẹ́rin náà, bí mo bá fi èdè wa sọ wọ́n, nìyí. Èkíní, àwọn èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ àti ìlànà lọ. Èkejì, iṣẹ́ tó ṣeé lò sàn ju ìwé àlàyé rẹpẹtẹ lọ. Ẹ̀kẹta, kí a jọ máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ni iṣẹ́ sàn ju kí a máa bá a jà lórí ohun tí ìwé àdéhùn wí. Ẹ̀kẹrin, kí a lè yí padà nígbà tí nǹkan bá yí ṣe pàtàkì ju kí a rọ̀ mọ́ ètò àkọ́kọ́ lọ. Wọn kò sọ pé irinṣẹ́, ìwé, àdéhùn àti ètò kò wúlò. Wọ́n ní wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú ṣáájú wọn.

Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń lò fún un pọ̀. Méjì tó gbajúmọ̀ jù ni Scrum àti Kanban, a ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a rí i pé iṣẹ́ èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti rìn lójú ọ̀nà tó jọ èyí rí.

Bí Crowther ṣe ṣiṣẹ́, àti bí àwọn ará òde òní ṣe ń ṣe é

Ní 1843, Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Kò dúró títí gbogbo ọ̀rọ̀ èdè náà yóò fi pé sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1852, ó tún un tẹ̀: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtumọ̀ Bíbélì. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, àwọn ìwé yòókù sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ó di àárín àwọn ọdún 1880 kí odindi Bíbélì tó pé. Àwọn tó gba apá àkọ́kọ́ ń kà á, wọ́n ń gbọ́ ibi tó dùn létí àti ibi tó kọsẹ̀, kí apá tó kàn tó jáde. Láàrin iṣẹ́ náà gan-an, ní 1875, ìpàdé wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń lọ lápá-lápá lè gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ká ní Crowther ti pinnu pé òun kò ní fi ìlà kan han ẹnikẹ́ni títí odindi yóò fi pé, ẹni tó bí ní 1850 ì bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó rí ẹsẹ kan kà.

Ní ayé òde òní, ẹ wo iṣẹ́ àkójọ orúkọ Yorùbá. Nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní 2005 dá lórí orúkọ Yorùbá. Ní 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀ orúkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní YorubaName.com. Orúkọ Yorùbá kò lópin, nítorí ojoojúmọ́ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo rẹ̀ pé, wọn ì bá má ṣí i títí di òní. Wọ́n ṣí i pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ tí kò sí níbẹ̀ ránṣẹ́, kí àwọn olóòtú yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé. Nígbà tí àmì ohùn di ìṣòro fún àwọn tó ń tẹ̀wé, wọ́n pín irinṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn lè tẹ àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Ohun tí ìlò bá fi hàn pé ó kù ni wọ́n ń ṣe.

Nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí, ohun tí agile ń sọ wà níbẹ̀: gbé apá kan jáde, gbọ́ ohun tí àwọn tó ń lò ó wí, fi kún un.

Scrum: ikọ̀ kékeré, sáà kúkúrú

Orúkọ Scrum ti inú eré rugby wá. Ìdìmú-dìmú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó forí-korí, tí wọ́n jọ ń ti ẹgbẹ́ kejì kí wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù ni. Ní 1986, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì láti Japan, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, fi eré yìí ṣe àpèjúwe ikọ̀ tó ń jọ ṣe nǹkan tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dípò kí ẹ̀ka kan ṣe tirẹ̀ tán kó tó gbé e fún ẹ̀ka kejì. Schwaber àti Sutherland ló sọ ọ́ di ìlànà fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì gbé e síta ní 1995.

Ikọ̀ Scrum kì í tóbi. Èèyàn mẹ́wàá tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ ni. Ipò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń sọ ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, tó sì ń gbẹnu sọ fún àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní agbẹnusọ. Èkejì ni olùṣọ́ ìlànà: kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń rí i pé ìpàdé ń wáyé bó ṣe yẹ, ó sì ń bá ikọ̀ ká ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà fúnra wọn, tí wọ́n ń pinnu bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Iṣẹ́ ń lọ ní sáà. Sáà kan kì í ju oṣù kan lọ, ọ̀pọ̀ ikọ̀ sì ń lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ikọ̀ jókòó, wọ́n mú ìwọ̀nba tí wọ́n lè parí nínú ìwé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Láàrin sáà, wọ́n ń pàdé lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú 15 péré. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kí ìpàdé náà má bàa gùn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju mẹ́ta lọ: kí ni mo ṣe, kí ni mo fẹ́ ṣe, kí ló ń dí mi lọ́wọ́. Ní òpin sáà, wọ́n fi ohun tó parí han àwọn tó ni ín. Lẹ́yìn èyí ni ikọ̀ nìkan jókòó láti yẹ ara wọn wò: kí ló lọ dáadáa nínú bí a ṣe ṣiṣẹ́, kí ni a ó yí padà ní sáà tó ń bọ̀?

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ẹgbẹ́ wa ṣe ń pàdé láyé àtijọ́ yóò rí i pé sáà kì í ṣe ohun àjèjì. Ọrún, ìsán àti ìtàdógún ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìpàdé. Ìtàdógún ni ọjọ́ kẹtàdínlógún, bí a bá ka ọjọ́ ìpàdé méjèèjì mọ́ ọn. Ọjọ́ 16 ló wà láàrin wọn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ èsúsú ń dá owó ní ìtàdógún, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ń fi ṣe ọjọ́ ìpàdé wọn. Bí a bá ní kí sáà kan jẹ́ ìtàdógún kan, ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí àwọn àgbà àti àwọn tó wà lóko máa ń wọ ìlú. A kò ní í máa ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìpàdé. Ọjà ti pè é.

Àpẹẹrẹ kan: oríkì àwọn ìdílé

Ká sọ pé a fẹ́ kọ oríkì ogójì ìdílé sílẹ̀ ní Aguidi àti àwọn abúlé tó yí i ká. Àwa mẹ́fà la wà: méjì tó lè gba ohùn sílẹ̀, méjì tó lè da ọ̀rọ̀ kọ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹnì kan tó mọ àwọn ìdílé tó sì lè bá àgbà sọ̀rọ̀, àti akọ̀wé. Ẹni tó mọ àwọn ìdílé ni agbẹnusọ wa. Akọ̀wé lè jẹ́ olùṣọ́ ìlànà.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé iṣẹ́. A ó to àwọn ìdílé náà ní ẹsẹẹsẹ. Báwo ni a ó ṣe tò wọ́n? Ètò “en cascade” yóò tò wọ́n bí àdúgbò ṣe tẹ̀ léra, kí ìrìn lè dín kù. Agile yóò béèrè pé èwo ló ṣe pàtàkì jù kí a kọ́kọ́ ṣe. Ìdáhùn tiwa ṣe kedere: ìdílé tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ oríkì rẹ̀ dé òpin, tí ẹni náà sì ti dàgbà jù, ni yóò wà lókè. Ìdílé tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣì ń kì í dáadáa lè dúró. Bí ara ẹnì kan kò bá yá lọ́la, agbẹnusọ lè yí ìtò náà padà kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni kí a fẹnu kò lórí ohun tí “ó ti parí” túmọ̀ sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ yóò ní òun ti parí, ẹni tó da á kọ yóò ní òun ti parí, síbẹ̀ kò sí ohun tó ṣeé kà. Mo dábàá pé kí oríkì kan má ṣe parí àfi tí ohun márùn-ún bá pé: a ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀; a ti kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn; a ti padà lọ kà á fún ẹni tó kì í, ó sì ti tún un ṣe; ẹni náà àti ìdílé rẹ̀ ti sọ ohun tí a lè gbé síta àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde; ẹ̀dà méjì ti wà ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní sáà àkọ́kọ́, kí a mú ìdílé méjì péré. Yóò dà bí pé ó kéré jù, ṣùgbọ́n inú méjì yìí ni a ó ti mọ̀ pé wákàtí kan ohùn gba wákàtí púpọ̀ láti da kọ, pé afẹ́fẹ́ ń dí ohùn lọ́wọ́ bí a bá jókòó síta, pé a kò tíì fẹnu kò lórí ẹ àti ɛ. Ní sáà kejì àti ẹ̀kẹta, a ó rí iye tí a lè ṣe ní tòótọ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ní ìtàdógún kọ̀ọ̀kan ni a lè parí, a jẹ́ pé ogójì yóò gba ìtàdógún mẹ́wàá, ọjọ́ 160, ó lé díẹ̀ ní oṣù márùn-ún. Iye yìí kò ti inú àlá wá, inú iṣẹ́ tí a ti ṣe ló ti wá. Bí owó bá sì tán ní àárín ọ̀nà, ogún oríkì tó parí yóò wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú ẹ̀dà wọn àti àṣẹ àwọn tó ni wọ́n. Nínú ètò “en cascade”, ogójì rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò tíì da kọ ni yóò wà nílẹ̀.

Ìpàdé ojoojúmọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló ní iṣẹ́ ìjẹ ẹnu tirẹ̀, àwọn kan wà ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́. A kò lè pàdé lójoojúmọ́. Kí olúkúlùkù fi ohùn ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ikọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá ní ìdíwọ́ yóò rí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ kí ìtàdógún tó pé.

Kanban: pátákó tí gbogbo ojú ń rí

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Japan ni Kanban ti wá, lábẹ́ ìdarí Taiichi Ohno. Àmì tàbí pátákó ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ẹ fa ìlà méjì sórí pátákó kí ó di ọ̀wọ́ mẹ́ta: “ó wà nílẹ̀”, “a ń ṣe é lọ́wọ́”, “ó ti parí”. Ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ máa gbé e láti ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́ bó ṣe ń lọ.

Òfin tó mú un yàtọ̀ sí pátákó lásán ni pé a ó fi òdiwọ̀n sí àárín. Bí a bá ní iṣẹ́ mẹ́ta ni òdiwọ̀n, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀kẹrin síbẹ̀ àfi tí ọ̀kan bá parí. Èyí ni oògùn àìsàn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àṣà: a ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ju bí a ṣe ń fẹ́ parí lọ. Ohùn gbígbà dùn, ọ̀rọ̀ dídà kọ ń sú ni. Nígbà tí pátákó bá fi hàn pé ohùn mẹ́ta ló ń dúró de ẹni tí yóò da wọ́n kọ, àwọn tó ń gba ohùn yóò fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọn yóò sì ran àwọn tó ń kọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní àkókò fún gbogbo ìpàdé Scrum lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pátákó yìí nìkan.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Agile ní kí a tètè fi iṣẹ́ hàn. Àṣà wa ní kì í ṣe gbogbo ohun ni à ń fi hàn. Àwọn méjèèjì lè gbé pọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí à ń fi hàn. Ètò kọ̀ǹpútà tó bá jáde pẹ̀lú àbùkù, wọ́n lè tún un ṣe lọ́la. Ọ̀rọ̀ awo tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè kó o padà. Nítorí náà, “àfihàn” ní òpin ìtàdógún, iwájú àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ni yóò ti wáyé, nínú ilé wọn bí wọ́n bá fẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i nìkan ni yóò dé ojú òpó ẹgbẹ́.

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001, tó sì wọ àkójọ àṣà àjogúnbá ọmọnìyàn ní 2008, tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Ohun tí ojú gbogbo ayé ń rí ní gbàgede wà níbẹ̀: igi ère, aṣọ, ìlù, ijó àti orin Ẹ̀fẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti Ìyáláṣẹ̀ àti àwọn àgbà nìkan náà sì wà. Ikọ̀ tó bá lọ gba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ èyí sínú ìtumọ̀ “ó ti parí” láti ọjọ́ kìíní. Àdéhùn UNESCO ti 2003 lórí irú àṣà báyìí sọ pé àwọn tó ni àṣà gbọ́dọ̀ kópa nínú títọ́jú rẹ̀. Àwọn ìlànà ìwà tí wọ́n fi tẹ̀ lé e ní 2015 tún sọ pé ìyọ̀ǹda wọn gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kí ìyọ̀ǹda máa bá iṣẹ́ lọ, ìyẹn ni pé kì í ṣe ìka kan tí àgbà tẹ̀ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sáà ìtàdógún fún wa ní àyè láti máa béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti láti dúró bí wọ́n bá ní kí a dúró.

Ohun kejì ni ọjọ́ tí kò ṣeé sún. Ọdún ìbílẹ̀ kì í dúró de ikọ̀. Bí ìkórè bá parí, tí wọ́n dá ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bátìrì gbọ́dọ̀ ti kún, owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ètò àtijọ́ tó ní ọjọ́ àti wákàtí. Agile lè wá wọ inú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e: dídà ọ̀rọ̀ kọ, títúmọ̀, yíyan àwòrán.

Ohun kẹta ni àwọn tó ń fúnni lówó. Wọ́n máa ń fẹ́ ètò tó ti pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A lè fún wọn ní ohun tí kò ní yí: iye oṣù, iye owó, àti ohun tí “ó ti parí” túmọ̀ sí. Kí a wá sọ fún wọn gbangba pé iye oríkì àti bí wọn yóò ṣe tẹ̀ léra yóò máa hàn bí sáà ṣe ń parí, a ó sì máa fi ohun tó parí ránṣẹ́ sí wọn ní ìtàdógún méjì méjì. Ẹni tó bá ń rí iṣẹ́ gan-an kì í sábà béèrè ìròyìn gígùn.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Kò dìgbà tí a bá lọ gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó má tóbi. Ẹ yan èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ yan agbẹnusọ tí àwọn àgbà mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán. Ẹ kọ ìwé iṣẹ́, kí ẹ sì fi ẹni tí a lè tètè pàdánù ìmọ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ kọ ìtumọ̀ “ó ti parí” sórí pátákó níbi tí gbogbo yín ti lè rí i. Ẹ dá ọjọ́ ìtàdógún. Ní ọjọ́ náà, ẹ fi ohun tó parí han àwọn tó ni ín, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí, kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan péré: kí ni a ó ṣe lọ́nà mìíràn títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀?

Lẹ́yìn ìtàdógún mẹ́ta, ẹ ó mọ̀ bóyá ìlànà yìí bá yín mu. Bí kò bá bá yín mu, ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta péré ni ẹ fi dán an wò, ohun tí ẹ sì parí nínú rẹ̀ ti wà nípamọ́ fún àwọn ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá gbìyànjú rẹ̀ ní Sakété, ní Pobè tàbí níbikíbi, kí wọ́n kọ sí wa bó ṣe rí, kí a lè tún àpilẹ̀kọ yìí ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá rí.